Ìbọn Omi Ayọ̀mikún

Gbogbo télọ̀ Ajah ló mọ Kàmọ́rù. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń tún masínnì ìránṣọ ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Suliat ìyàwó rẹ̀ àti Ràhmát, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà nílé ní Ìsẹ́yìn, lọ́dọ̀ ìyá Kàmọ́rù. Iléyá sí Iléyá ló ń rí wọn, àfi bí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Lọ́dún yìí, iṣẹ́ kò dẹwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá Fèyíkẹ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, Abraham Adésànyà Estate ni wọ́n ń gbé, Kàmọ́rù sì ti bá wọn tún masínnì ṣe rí. Ohun tí wọ́n yọ nínú àpò ọ̀rá lọ́jọ́ náà kì í ṣe masínnì. Ìbọn ìṣeré ọmọdé ni, oníke, irú èyí tí wọ́n ń rọ omi sí.

"Ibi tí wọ́n ń fi ìka fà yìí ti le gbagidi," ni Màmá wí. "Mo fà á títí ìka fi ń dùn mí."

"Màmá, ṣé ẹ ò kúkú ní ra tuntun?"

"Tuntun kọ́ ni Ayọ̀mikún fi sílẹ̀."

Kàmọ́rù rántí Ayọ̀mikún. Ọmọ Fèyíkẹ́ ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Kánádà, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti lọ báyìí. Màmá ní lọ́jọ́ Àìkú, lórí fóònù, ọmọ náà ṣàdédé bèèrè bóyá ìbọn òun ṣì wà, bóyá omi rẹ̀ ṣì ń dé ara igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Màmá ní ó wà, pé ó ń ta omi dáadáa. Ìgbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ ni wọ́n tó lọ wá a rí, kò sì ta ẹ̀kán kan.

"Mo ti parọ́ fún ọmọ. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

Kàmọ́rù tú síkúrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kó wọn sínú ìdérí ìgò. Iyanrìn ti kún inú ìbọn náà, rọ́bà tó ń ti omi ti gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ara ike. Bó ṣe ń yọ sípíríǹgì jáde, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, ó kán sí méjì. Màmá mí kanlẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ó tú agolo irin rẹ̀ palẹ̀. Sípíríǹgì masínnì le jù fún ìka ọmọdé, ti bírò sì rọ̀ jù. Ara ìgò lọ́fínńdà kan tó ti tán ló ti wá rí èyí tó ṣe wẹ́kú. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ iyanrìn kúrò, ó sì fi gilisarín tí wọ́n fi ń para pa rọ́bà náà, nítorí òróró masínnì a máa ba rọ́bà jẹ́.

"Ṣé ó ṣì ń sọ Yorùbá?" ló bi wọ́n bó ti ń ṣe é.

"Ó ń gbọ́ ọ. Òyìnbó ló fi ń dáhùn. Lọ́dún àkọ́kọ́, bó bá ti rí mi lórí fóònù ni yóò bú sẹ́kún pé òun fẹ́ wálé. Mo gbàdúrà kó yé sunkún. Ó sì dẹ́kun rẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo wá ń wá ẹkún yẹn báyìí."

Ọwọ́ Kàmọ́rù dúró. Tẹ́lẹ̀, Ràhmát kì í jẹ́ kó wọkọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ló máa ń dì mú. Ní Iléyá tó kọjá, ó kàn juwọ́ ni, ó sì padà sídìí eré rẹ̀. Kàmọ́rù rò nígbà náà pé ọmọ ti gbọ́n.

Ó de síkúrù padà, ó rọ omi sí ìbọn, ó nà án sí Màmá. Wọ́n fà á. Omi ta jáde, ó rin kàlẹ́ńdà ara ògiri gbìndìn. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá fi fídíò tí wọ́n ká sílẹ̀ nígbà ìpè náà ránṣẹ́ sí Kàmọ́rù. Omi ń ba ara máńgòrò, ohùn ọmọ kan sì ń ké "Again, Grandma!" Lẹ́yìn náà ni ohùn yẹn sọ Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn: "Ẹ má fi ìbọn mi fún ẹnì kankan o." Kàmọ́rù gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti ìsọ̀, ó wọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Ó bá Ràhmát lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyẹn. Ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Kàmọ́rù wọra. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó fa àpótí sún mọ́ wọn, ó bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Èyí àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èkejì náà fọ́. Ràhmát wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Báyìí kọ́, Bàbá," ló wí, ó sì sún díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ mú un wá."