Aago Mẹ́wàá sí Aago Mẹ́wàá

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Múítì ti ń kọ àkókò ọkọ̀ sínú ìwé ní ibùdókọ̀ kan ní Atakpamé. Bí ọkọ̀ bá ti kún, á kọ aago tó fẹ́ gbéra, á sì kọ aago tó yẹ kó dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí aago náà bá kọjá tí awakọ̀ kò pè, Múítì á rán ọlọ́kadà lọ wò ó lọ́nà. Ìwé yẹn ti yọ ọkọ̀ mẹ́ta nínú kòtò rí. Nítorí náà, kò sí awakọ̀ tó ń gbéra láìjẹ́ pé Múítì kọ aago méjèèjì, kó sì wí pé, "Ó yá, Ọlọ́hun á mú yín gúnlẹ̀."

Àṣà yìí ni ọmọ rẹ̀ Bàrákátù, tó ń ránṣọ ní Malabo, bá dàgbà. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́: ó ń ti erékùṣù tí Malabo wà lọ sí São Tomé, erékùṣù mìíràn, níbi tí iṣẹ́ tuntun ti ń dúró dè é. Ó ní òun kò ní wọ bàálù láìgbọ́ ẹnu bàbá òun.

Múítì ṣí ìwé, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀. Yóò gbéra: aago mẹ́wàá. Yóò dé: aago mẹ́wàá. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún tíkẹ́ẹ̀tì náà wò. Mẹ́wàá náà ni. Irínwó kìlómítà ó lé! Datcha tó wà nítòsí yìí gan-an, ó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ti ta ayédèrú fún ọmọ òun.

Ó gbé fóònù lọ bá Philippe, ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé níbẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dúró de ọkọ̀ Notsé.

"Olùkọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé inú ìbọn ni wọ́n fẹ́ ki ọmọ mi sí ni?"

Philippe bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Bàrákátù, bí ẹ bá ń lọ Cotonou, kí lẹ máa ń ṣe sí aago yín?"

"Mo máa ń fi wákàtí kan kún un ní bodè."

"Aago Cotonou náà ni ti Malabo. Tiwa níbí ni ti São Tomé. Wákàtí kan ni yóò fi fò, wákàtí kan náà ni yóò yọ kúrò lára aago rẹ̀ tó bá dé."

"Lórí òkun? Bodè dà? Ta ló jókòó sójú omi tó ń yí aago èèyàn padà?"

"Ẹ fi bodè sílẹ̀! Aago mélòó ló lù níbí?"

"Mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ní Malabo ńkọ́?"

Múítì fi ìka kà á. Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ó ti rò pé ó ku bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ kí bàálù tó gbéra. Ó pe Bàrákátù wàràwàrà.

"Bàbá! Gbogbo èèyàn ti wọlé, èmi nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo mọ́ mi! Ṣé kí n wọ̀ ọ́ àbí kí n padà?"

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e. Kò sì tíì jẹ́ kí ọkọ̀ tí aago rẹ̀ kò yé e gbéra rí. Ó wo ojú Philippe. Philippe mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ọlọ́hun á mú ọ gúnlẹ̀."

Ọkọ̀ Notsé kún, ó lọ. Philippe kò lọ. Aago mẹ́wàá lù. Ó kọjá. Múítì wo àwọn ọlọ́kadà tó jókòó sábẹ́ igi. Èwo nínú wọn ló lè rán lọ sójú òkun?

Fóònù dún. "Bàbá, mo ti gúnlẹ̀! Mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú níbí. Níbẹ̀ ńkọ́?"

Múítì wo aago ara ògiri. "Bẹ́ẹ̀ náà ni," ó ní.

Ó tún ṣí ìwé. Ṣé mẹ́sàn-án ni kó kọ pé ó gbéra, àbí mẹ́wàá? Ó ronú títí, kò mọ èyí tí ì bá mú. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ó kàn kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: Ó dé.