Òdo tí Àyìndé Ń Wá

Àyìndé, ọmọ olókè, ọmọ a-sá-èlùbọ́-sórí-àpáta, ọmọ a-gun-òkè-má-mí-hẹlẹ, àkọ́bí mi ló lọ. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe rántí.

Kọ̀ǹpútà niṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn ń kọ kì í yé ẹ̀rọ náà, àfi tí ògbufọ̀ bá wà láàárín. Ìyẹn yé mi. Ní Ọ̀kà Àkókó wa yìí, wáàsí tí kò bá ní ògbufọ̀, ìdajì èèyàn á kàn jókòó lásán ni. Ògbufọ̀ inú ẹ̀rọ ni wọ́n ní kó tún ṣe níbi iṣẹ́, kó lè máa yára. Ó ṣe é, ó sì yára, àmọ́ ó ń ṣi ìṣirò ṣe.

Inú rírun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Dókítà kan ní Ìkàrẹ́ ní kó wá gba bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá rí òdo.

Mo bi í pé òdo wo. Ó ní nọ́ńbà alápá méjì làwọn fi ń ṣírò, tó ń fa ìrù gígùn lẹ́yìn pọ́ìntì. Ẹ̀rọ á ṣe ìsọdipúpọ̀ méjì, á wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ọgbọọgba ni méjèèjì, òdo ló yẹ kó kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá tí ògbufọ̀ gbà, ó gé ìrù ọ̀kan, kò gé ti èkejì.

“Kí ló wá kù?”

“Èérún, Màmá.”

“Èérún ni ò jẹ́ kó o lọ ọsibítù?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. “Ìgbà tí ẹ̀rọ bá rí òdo ló máa dúró. Tí ò bá rí i, á máa yí po ṣáá ni.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ wá kí i, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ní kí ẹ̀rọ sáré ò lè sọ̀kalẹ̀ láti Ọ̀kà. Ó ní kó pa àbùjá yẹn tì. Àyìndé ní kó yára ni ọ̀gá àwọn fẹ́.

Nígbà tó yá, ó rẹ òun náà, ó pa àbùjá náà tì. Òdo jáde. Ó pè mí wá wò ó, mo sì wò ó. Mo ní ó yá, wọ aṣọ. Ó ní kí òun kọ́kọ́ sùn díẹ̀.

Kí a tó gbé e dé Ìkàrẹ́, ìfun ti bẹ́ sí i nínú. Dókítà ní a ti pẹ́ jù.

Abiyamọ kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ní kí n jókòó sí. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni wọ́n sin ín sí Ọ̀kà.