Awakọ̀ Tó Yà fún Láfún

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí awakọ̀ kan bọ̀wọ̀ fún láfún ju èèyàn lọ ní Ṣakí.

Èmi àti Rónkẹ́ àbúrò mi ń ti ilé ìwé bọ̀. A dé ibi tí wọ́n kun ìlà funfun sí lójú títì. Òfin ní kí awakọ̀ dúró níbẹ̀ kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn sọdá, a sì gba òfin gbọ́, la bá bọ́ sójú títì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń wakọ̀ akẹ́rù bọ̀ fọn fèrè, kò tẹ bíréèkì. Mo fa Rónkẹ́ sẹ́yìn. Táyà gun bàtà Rónkẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Níwájú díẹ̀, Ìyá Àlàkẹ́ sá láfún sétí títì. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà rọra tẹ bíréèkì, ó yà fún láfún jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá, tó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, dá a dúró.

"O rí láfún, o ò rí ọmọ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Láfún ní ẹni tó ni ín."

"Ọmọ ńkọ́?"



Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àlàkẹ́ ń sá láfún díẹ̀ sórí ìlà funfun náà. Gbogbo awakọ̀ ló ń dúró báyìí. Àwa ọmọ ilé ìwé á sì sọdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún, bí ẹni tó bá ọlọ́lá rìn.