Ohun Bíńtín Tí Kò Sí Lára Mi

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, oúnjẹ kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé mo ń gbààwẹ̀, kì í sì í ṣe pé kò sí ohun tí mo lè sè. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, màá bọ́ bàtà, màá po tíì, màá rẹ búrẹ́dì sínú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá pè mí láti Oǹdó, tó bi mí pé kí ni mo jẹ, màá ní iyán ni. Iyán! Ta ni ì bá gún un?

Ara mi fúyẹ́ nígbà yẹn. Mo ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Irun mi ń já sínú òòyà. Mo fi ọ̀bẹ gé ìka níbi tí mo ti ń ge búrẹ́dì, egbò náà sì kọ̀, kò jinná bọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà sí ọ̀fọ̀. Mo rò pé bí ara opó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìgbà kòrónà bá wa níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà padà, ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan mọ́, ó dìde, ó wá sí Àkúrẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó dé tòun ti ikọ́ díẹ̀. Ó ní eruku ọ̀nà ni.

Kò pẹ́ rárá tí ibà fi mú àwa méjèèjì. Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí tirẹ̀. Àwọn ará ilé ìjọsìn pàápàá, tirẹ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Àmọ́ ó sùn, ó làágùn, ó jí, ó sì béèrè bóyá ẹ̀wà wà nílé. Èmi ni mo ń rì sísàlẹ̀. Mo mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dà bí omi gbígbóná lásán. Mo gbé ọṣẹ sí imú, n kò gbóòórùn ohunkóhun. Gbogbo ayé wá jìnnà sí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ọjà láti orí òkè, tó ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń la ẹnu, àmọ́ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ké sí aládùúgbò wa tó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù.

Díẹ̀ ni mo rántí nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Òjò ń rọ̀ sórí páànù, ó ń rọ̀, kò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Mo wà ní oko bàbá wa ní Bọ́lọ́rundúró, lábẹ́ igi kòkó, ewé gbígbẹ ga dé orúnkún mi, ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì dà bí epo tuntun. Ọkọ mi jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi etí ẹ̀wù nu awò ojú rẹ̀. Kò wò mí. N kò pè é, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá pè é yóò dìde. Ohùn nọ́ọ̀sì kan ló máa ń wọlé tọ̀ mí wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ mí, mà. Ẹ máa mí. Ẹ máa tó lọ ulé."

Ulé ló ń pè é, bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pè é. Èmi náà ń ronú, nínú ibi tí mo wà, pé ilé wo ló ń wí gan-an.

Mo yè é. Nígbà tí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kúrò nímú mi, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú ìbòmú. Dókítà tó ń tọ́jú mi, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, dúró sí ìsàlẹ̀ ibùsùn.

"Mà, kí lẹ ti ń jẹ láti bí ọdún kan sẹ́yìn?"

Agbára irọ́ kò sí lára mi mọ́. "Tíì," mo ní. "Tíì àti búrẹ́dì."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Iyán tí o ń sọ fún mi lórí fóònù ńkọ́?"

Dókítà wo irun mi, ó wo ìka mi. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí síǹkì.

"Síǹkì tí a ti ń fọ abọ́ nínú rẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Ojú dókítà rẹ́rìn-ín lókè ìbòmú. "Rárá, mà. Irú irin kan ni. Òun ni wọ́n máa ń fi bo páànù kó má baà dípẹtà. Ara náà ń lò ó, àmọ́ bíńtín báyìí ni. Òun àti ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní sẹlẹ́níọ́ọ̀mù. Inú ẹran, ẹja, ìgbín, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà la ti ń rí wọn. Bí wọn ò bá tó lára èèyàn, ara kì í lè bá kòkòrò àìsàn jà bó ṣe yẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ìyẹn tán tó fi bú sẹ́kún. "Èmi ni mo gbé àìsàn yìí wá láti Oǹdó. Èmi ni ì bá pa á."

"Mà, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e wá," ni dókítà sọ. "N kò lè búra pé àìtó síǹkì nìkan ló jẹ́ kó le tó báyìí, nítorí àìsàn fúnra rẹ̀ máa ń mú kí síǹkì dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ kòkòrò kan náà ló wọ ara ẹ̀yin méjèèjì. Ó bá ẹ̀yin níbi tí ẹ ti ń jẹun. Ti àbúrò yín, ara wọn ti ṣófo kó tó dé bá wọn."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Èsì rẹ̀ kò tíì dé tí ẹ̀gbọ́n mi fi kó mi lọ sí Oǹdó.

Ó ń sè bí ẹni pé ìjà ló ń jà. Ìgbín tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, ẹ̀gúsí tí edé pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀wà rírọ̀. Mo ń jẹ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń jẹ òwú. N kò mọ adùn, n kò mọ iyọ̀. Mo ń jẹ ẹ́ nítorí ojú tó fi ń wò mí. Oògùn síǹkì tí wọ́n fún mi náà wà níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ara mi kò tètè yá tó bó ṣe fẹ́, ó ní kí n máa lo méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ̀. Ó pe dókítà lórí fóònù láti fẹjọ́ mi sùn.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má dán an wò," ni mo gbọ́ tí dókítà ń sọ. "Bó bá pọ̀ jù, yóò máa lé bàbà kúrò lára wọn, ara sì nílò bàbà náà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sílẹ̀. "Páànù, bàbà, irin! Ṣé ara èèyàn lèyí àbí ilé alágbẹ̀dẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mí láyà, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó.

Ọjọ́ tí èsì dé, àwa méjèèjì la gbọ́ ọ: síǹkì kò tó, sẹlẹ́níọ́ọ̀mù náà kò tó. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Ọkọ rẹ ló fà á?"

Mo ní bí mo bá ti jókòó láti jẹun, àga rẹ̀ ni mo máa ń wò, màá sì gbé oúnjẹ náà padà.

"Nígbà tí tèmi kú," ló wí láìgbójú sókè, "ṣe ni ebi ń pa mí. Ebi burúkú. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá kí mi, màá wọ yàrá, màá jẹ ẹ́ tán, màá máa sunkún. Ojú tì mí. Mo ní bóyá n kò fẹ́ràn rẹ̀ tó ni."

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí. Mo na ọwọ́ sínú àwo náà, mo bá a ṣa òkúta.

Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi sá kòkó sórí ẹní lójúde, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn án. Nǹkan kan kan mí nímú, ó tinrín, ó kan díẹ̀, ó sì tún lọ. Mo rò pé àlá ti padà dé. Ó tún wá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kòkó ń rùn." Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fa òórùn náà símú gidigidi, bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tẹ̀ lé mi wá sí Àkúrẹ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lòun fẹ́ lò. Nígbà tó yá, ó fi yàrá rẹ̀ ní Oǹdó háyà fún olùkọ́ kan, ó sì kó ìwé orin rẹ̀ wá. Òwúrọ̀ ló máa ń kọrin, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Àná la jà nítorí ata: ó ní mo ń fi ba ọbẹ̀ jẹ́, mo ní ẹni tí kò fẹ́ ata kó lọ dáná tirẹ̀. Ó kọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lẹ́yìn náà ó jáde láti yàrá, ó bi mí bóyá ọbẹ̀ náà ṣì kù.