Màmá Ipá àti Aṣọ Tábìlì

Orúkọ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fún un ni Màmá Ipá. Láti ọjọ́ tó ti di tíṣà físíìsì, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde tó ipá: ipá tó ń ti nǹkan, ipá tó ń fa nǹkan, ipá tó ń dá òkò tí a sọ sókè padà wá sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá pẹ́ dé, á bi í pé, "Ipá wo ló dá ọ dúró lọ́nà?" Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín ìtìjú, á lọ jókòó. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń kọ sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọn á há a sórí, wọn á sì yege. Kò sẹ́ni tó rí i bá wí.

Ìgbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin dé sílé-ìwé kan náà ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Ìyá wọn ti kú nígbà tí àbúrò yìí ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ fún un, òun ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, òun náà ló sì kọ́ ọ ní físíìsì lórí tábìlì ilé ìdáná. Ó máa ń gbé ife omi lé orí bébà, á ní kí ọmọ náà di etí bébà mú.

"Tó o bá rọra fà á, ife á bá bébà lọ," ni ẹ̀gbọ́n á wí. "Àmọ́ tó o bá fà á yọ fìà, bébà á lọ, ife á dúró. Ohun tó bá ti jókòó, ìjókòó ló wù ú. Bébà ń ha ìdí ife, ó fẹ́ wọ́ ọ lọ, ṣùgbọ́n kó tó ráyè wọ́ ọ, bébà ti lọ."

Ọmọ náà á fà á, ife á dúró, á sì máa pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ọmọ ọ̀hún dàgbà, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀gbọ́n sì lọ bá pírínsípà pé kó gbà á síṣẹ́. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn fara kan ara wọn, pákó lásán ló là wọ́n láàárín, ibi tí ọ̀ràn sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Màmá Ipá bá ń kọ̀wé sójú pátákó, ẹ̀rín á bú lódì kejì. Àwọn ọmọ tirẹ̀ á gbójú sókè, wọn á na ọrùn bí ọmọ adìyẹ tó gbóhùn ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ariwo náà pọ̀ débi pé ó jáde lọ wò ó. Àbúrò rẹ̀ ti yá àga oníkẹ̀kẹ́ méjì ní ọ́fíìsì akọ̀wé, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó sórí ọ̀kan, ọmọkùnrin kan tó sanra jókòó sórí èkejì, wọ́n dojú kọ ara wọn, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ti ara wọn.

"Ẹ wò ó," ni àbúrò wí. Gbólóhùn rẹ̀ nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ, Tíṣà Ẹ-Wò-Ó. "Ọmọbìnrin nìkan ni kó tì. Ta ni yóò sún?"

Àwọn kan ní ọmọkùnrin, àwọn kan ní kò sẹ́ni tí yóò sún. Ọmọbìnrin náà tì. Àwọn méjèèjì ló sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ló lọ jìnnà.

"Ẹni tó bá ti ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà ti í padà," ni àbúrò wí. "Ipá méjèèjì kò ju ara wọn lọ. Àmọ́ ara tó tóbi kì í tètè ṣí nídìí."

Nígbà tí Màmá Ipá bojú wẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì rẹ̀ ti kó sójú fèrèsé, kò ku ẹnì kan lórí ìjókòó. Ó lé wọn padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ náà fún wọn, ẹ̀kọ́ ipá àti ipá ìdápadà yẹn gan-an, tó ti ń kọ́ wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n sì ń yán.

Nínú yàrá àwọn olùkọ́, tíṣà ìṣirò ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín yìí mà mọ iṣẹ́ o. Ẹ ṣọ́ra, yóò gba àga lábẹ́ yín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá Ipá náà rẹ́rìn-ín, eyín lásán ni. Kò pẹ́ sí i, pírínsípà pè é, ó ní kó fi kíláàsì àṣekágbá sílẹ̀ fún àbúrò, kó máa bá àwọn kéékèèké bẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ le, ìpìlẹ̀ á sì dúró dáadáa.

"Ó dáa, sà," ló wí.

Nílé, àbúrò ń wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú yín ò bàjẹ́?"

"Inú mi dùn."

"Ojú yín ò jọ ọ́."

"Ó rẹ̀ mí ni. Mu tíì rẹ."

Ohun tó dùn ún jù kò tíì dé. Pírínsípà kéde pé àwọn aláyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bọ̀, kíláàsì àbúrò ni wọn yóò sì wò. Àbúrò wá sílé tayọ̀tayọ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe ti ife àti bébà, àmọ́ òun fẹ́ kó tóbi: aṣọ tábìlì ńlá, àwo tánganran, ife tó kún fún omi. Ó ti ra aṣọ funfun kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, tí wọn ò ká etí rẹ̀ rán. Màmá Ipá gbé aṣọ náà lé ọwọ́, ó ń yí i wò. Òun ló ni nǹkan yìí. Nínú gbogbo ọdún tó fi ń kọ́ni, kò ṣe é rí níwájú ọmọ kankan, àfi ọmọ kan ṣoṣo yìí. Ọmọ náà ni yóò wá fi gba oríyìn.

Àbúrò tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé nírọ̀lẹ́, ó to àwo àti ife lé e, ó lọ sílé. Láàárọ̀ kùtùkùtù, Màmá Ipá ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó kó àwo sílẹ̀, ó yọ aṣọ bọ̀rọ́ náà, ó sì fi aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì àwọn olùkọ́ rọ́pò rẹ̀. Aṣọ òwú ni, ó rí hágahàga, wọ́n sì ká etí rẹ̀ nípọn. Owú ló gbé aṣọ òwú lé tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó to àwo padà bó ṣe wà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìkà kọ́, kí ojú àbúrò òun kàn tì í díẹ̀, kó lè mọ̀ pé ẹni tó gòkè náà lè já bọ́.

Àwọn aláyẹ̀wò dé, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Pírínsípà jókòó tì wọ́n, àwọn olùkọ́ mìíràn dúró lẹ́yìn. Àbúrò ṣàlàyé díẹ̀, ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wò ó, nǹkan tí ẹ fẹ́ rí yìí, èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo fẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe é fún yín."

Màmá Ipá mi orí. "Rárá o. Ìwọ lo ni kíláàsì."

Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Àwọn tó ń yán lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó di etí aṣọ mú. Ó ṣì lè sọ pé aṣọ yìí kò dára. Àmọ́ ó ronú pé bóyá bí òun bá fà á le tó, yóò ṣe é ṣe.

Ó fà á. Etí aṣọ tó nípọn mú ìdí àwo, àwo kọlu ife, gbogbo rẹ̀ sì dà sílẹ̀ gbàràmù. Omi ta sí bàtà obìnrin aláyẹ̀wò náà.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì. Ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá Ipá rí i pé ó ti mọ̀.

"Ẹ wò ó," ni àbúrò wí fún kíláàsì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Kí ló fà á tí àwo fi bá aṣọ lọ?"

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Etí aṣọ ga, ó kọ́ àwo lẹ́sẹ̀. Aṣọ náà ò sì yọ̀, ó ń di nǹkan mú."

"Ó dáa. Aṣọ ló lẹ́jọ́. Ẹni tó fà á mọ̀ ọ́n fà."

Àwọn aláyẹ̀wò kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ náà dára. Ààbò tí àbúrò fi bò ó yìí ta á lára ju èébú lọ.

Nílé, àbúrò kò bọ́ bàtà kó tó béèrè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló pààrọ̀ aṣọ?"

"Èmi ni."

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Mò ń jowú rẹ ni. Ohun tí mo fi kọ́ ọ nílé lo fi ń gbayì níta. Èmi ò láyà láti ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí kí àwo má fọ́, kí àwọn ọmọ má fi mí rẹ́rìn-ín."

Àbúrò bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà. "Mo pè yín síwájú kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti rí i," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe àwo ló dùn mí." Ó wọ yàrá rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, ó gba yàrá kan síbòmíràn, ó kó jáde. Wọn kì í sọ nílé-ìwé ju ẹ kú iṣẹ́ lọ.

Màmá Ipá lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún pírínsípà, ó sì san owó àwo. Ó wá kó àwọn kéékèèké rẹ̀ jáde lọ sí pápá, ó yí bọ́ọ̀lù lórí koríko, ó tún yí i lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní kí wọ́n sọ ìdí tí ọ̀kan fi tètè dúró. Bọ́ọ̀lù yí wọ gọ́tà, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé ẹ̀rín náà kò pa òun. Àbúrò kọjá, ó dúró wò díẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wá kan ilẹ̀kùn, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n jọ jókòó tì.

Owú náà kò lọ tán. Bí tíṣà ìṣirò bá ń yin àbúrò, ó ṣì máa ń dun Màmá Ipá. Á mu omi díẹ̀, á ní, "Òótọ́ lẹ sọ." Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà máa ń tinú rẹ̀ wá lóòótọ́.