Idà Baba Ńlá Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi, mo sá kúrò lọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ yẹtí, ó wá fi ìka fa ìlà sí ọ̀fun mi, ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ tọ̀. Ẹnu géètì ni mo gbà jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa sá nìyí, bẹ́ẹ̀ dókítà ti kìlọ̀ fún mi nígbà àkọ́kọ́ pé nǹkan náà ti ń tẹ ọ̀nà èémí mi, pé bí mo bá ń fi falẹ̀, mímí gan-an máa dogun.

Mo rìn dé CMS, mo rìn gba Marina lọ, mo tún ṣẹ́rí padà. Mo ra ẹ̀pà, n kò lè jẹ ẹ́. Fóònù ń dún. Bàbá mi ni, n kò gbé e. Ojú rẹ̀ ló ń tì mí jù.

Télọ̀ ni bàbá mi ní Lafiaji kí ó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rù bá bà mí, ìtàn kan náà ló máa ń sọ. Oṣó kan jí ọmọ ọba gbé sínú ilé òkúta, ejò ńlá sì ká mọ́ ẹnu ọ̀nà. Baba ńlá wa mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó ṣe Bìsìmílàhì, ó yọ idà, ó wọlé. "Kò bojú wẹ̀yìn," bàbá mi á ní. Ìtàn yẹn ló gbé mi dé ìdí abẹ́rẹ́ àjẹsára, òun ló gbé mi dé ilé kéú, òun ni mo gbá mú lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí mi.

Lábẹ́ afárá ní CMS, ọkùnrin kan tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá. Magasíìnì òyìnbó àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ ti pọ́n. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí: idà, ejò, ilé òkúta, òyìnbó kan tó ró awọ ẹran mọ́dìí. Mo kà á lórí ìdúró. Ọtí ni òyìnbó náà mu, kì í ṣe ẹ̀kọ, kò sì ṣe Bìsìmílàhì kankan, ṣùgbọ́n ìtàn wa ni. Inú bí mi gan-an. Láti kékeré ni mo ti ń fi baba ńlá mi yangàn, àṣé òyìnbó tí kò wọ ṣòkòtò ni!

Mo wá dé ojú ewé kan tí n kò gbọ́ rí. Ọkùnrin yẹn rí ejò, ó ju idà sílẹ̀, ó sá. Ó jókòó sétí odò títí oòrùn fi rọlẹ̀ kó tó padà lọ mú idà rẹ̀.

Mo ra ìwé náà, ó di Lafiaji. Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. N kò tiẹ̀ kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, baba ńlá wa rèé. Ẹ wò ó dáadáa."

Ó wo àwòrán náà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. "Ọsibítù ti pè mí. Wọ́n ní o sá."

"Òun náà sá! Kí ló dé tẹ́ ẹ yọ ibẹ̀ kúrò?"

Ó gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀.

"Nígbà tí ìyá ẹ ń rọbí ẹ, ó le. Wọ́n ní kí n wá sáìn, àwọn fẹ́ ṣe ọpiréṣọ̀n fún un. Mo ní mò ń bọ̀. Marina ni mo bá ara mi. Ibẹ̀ ni mo ti ra irú ìwé yìí gan-an, mo jókòó sétí omi, mo kà á tán. Nígbà tí mo máa fi padà, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ ló ti sáìn. O ti dáyé, ò ń ké."

"Ṣé màmá mọ̀?"

"Ó mọ̀. Kò fi bú mi rí títí Ọlọ́run fi gbà á. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ pé èèyàn lè sá ni."

Ìbínú mi tán pátá. Mo kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ ṣáà padà, Bàbá."

"Mo pẹ́ jù," ó ní. "Àwọn àgbà ní akínkanjú tó mọ̀ ọ́n jà, tí ò mọ̀ ọ́n sá, ní í bógun lọ. Èyí tó mọ̀ ọ́n sá ńkọ́, tí kò tètè padà? Dìde, jẹ́ ká jọ lọ."

Ọ̀túnla ni wọ́n tún dá fún mi fún iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí ọjọ́ pé, nọ́ọ̀sì ní kí bàbá mi máa lọ sílé, pé ó máa pẹ́. Ó ní òun ò níbì kankan tí òun ń lọ, ó fa àga plástíìkì kan sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń tì mí wọlé, mo bojú wẹ̀yìn. Ó ṣì jókòó síbẹ̀.