Àga Ọkọ Tó Kú

Ìdána kan wáyé ní League City tí àwọn Yorùbá Houston ò jẹ́ gbàgbé. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí ọkùnrin kan tó pẹ́ dé fẹ́ jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ṣófo. Bàbá Akínṣọlá ní, "Má jókòó síbẹ̀, ẹni tó ni ín wà lórí rẹ̀." Ọkùnrin náà wo àga títí, kò rí ẹnì kankan. Ìdúró ló jẹun títí ayẹyẹ fi parí.

Ojú ti Wùmí, ọmọ Bàbá, ṣùgbọ́n ó mọ orísun àga náà. Lọ́dún tí Bàbá fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìfọpo ní Pasadena, wọ́n ra ìwé àlòkù kan nípa ìgbéyàwó àwọn ọba Yúróòpù. Ìtàn kan níbẹ̀ ló gbà wọ́n lọ́kàn. Ní 1864, wọ́n fi ọmọbìnrin ọba Denmark fún àrẹ̀mọ Rọ́ṣíà, kí ìdílé ọba méjèèjì lè di àna. Kí ọdún tó yí po, àrẹ̀mọ kú. Wọ́n ní lórí ibùsùn ikú ló ti fi ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lé ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Àbúrò yẹn ló fẹ́ ẹ ní 1866. Látìgbà tí Bàbá ti ka ìtàn yìí ni wọ́n ti ń fi àga kan sílẹ̀ fún ọkọ tó kú níbi ìdána tí wọ́n bá lọ.

"Ẹ ò rí i pé òyìnbó náà ń ṣúpó?" Bàbá á wí. "Àṣìṣe wọn ni pé wọn ò fún olóògbé lága. Àbí ẹ rò pé kò wá ni?" Àlejò tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ á yíjú wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí Ọládọ̀tun wá tọrọ Wùmí, ìbéèrè kan ni Bàbá bi í.

"Ṣé o ní àbúrò lọ́kùnrin?"

"Rárá sir, èmi nìkan ni."

"Bó o bá wá kú ńkọ́?"

"Mi ò ní kú, sir."

"Bí àrẹ̀mọ náà ṣe rò nìyẹn."

Bàbá kì í fẹnu sọ pé àwọn gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á gbé e lé orúnkún. Lọ́jọ́ yẹn, fìlà ò kúrò lórí. Wọ́n ní kí Ọládọ̀tun padà wá ní Sátidé. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ lọlọ́jọ́ dé bá Bàbá. Wùmí sunkún bàbá rẹ̀, ó sunkún èsì tí kò gbọ́, nítorí kò fẹ́ relé ọkọ láìgba ìyọ̀ǹda wọn.

Lọ́jọ́ ìdána tirẹ̀ nílé wọn ní Cypress, ó gbé àga kan síwájú fún Bàbá, ó fi fìlà wọn kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ fẹ́ jókòó síbẹ̀, ni gbogbo ilé bá sọ ọ́ pa pọ̀ pé, "Ẹni tó ni ín wà lórí rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, àwọn ará ilé ọkọ dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, fìlà ti wà lórí ìjókòó àga, níbi tí orúnkún èèyàn máa ń wà.

"AC ló fẹ́ ẹ," Ọládọ̀tun ní.

"AC wo?" ni ìyá Wùmí wí. "Àtàárọ̀ la ti pa á."

Ara Wùmí tutù, inú rẹ̀ sì dùn. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú àga náà, ó tẹrí ba. Ẹnì kankan ò ní kó dìde, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé Bàbá kì í gbàdúrà ráńpẹ́.